Ọjọ́ tí Áfáà bi mí pé ta ló sọ fún mi

Ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé ni Sátidé tí Áfáà wa ní Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ́ wa nípa àwọn Mùsùlùmí àtijọ́ tó ń kọ ìtàn. Wọ́n ní Kùránì ló kọ́ wọn pé tí èèyànkéèyàn bá mú ìròyìn wá, kí wọ́n wádìí ẹ̀, kí wọ́n má baà fi àìmọ̀ ṣe ẹlòmíì níbi, kí wọ́n wá máa kábàámọ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó sọ ìtàn ṣáájú ìtàn gan-an.

Áfáà ní kí kálukú sọ ìtàn ilé ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo ní Daddy mi lé Mummy mi jáde nígbà tí wọ́n lóyún mi.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Auntie Kúdí tó ń tajà ní Powis Street."

"Ta ló sọ fún àwọn náà?"

"Áfáà, Auntie Kúdí fúnra wọn ni ìròyìn!" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a ṣe tán, mo pe Mummy lórí fóònù.

"Ta ló lé mi? Èmi ni mo kó ẹrù mi. Bàbá ẹ bẹ̀ mí títí. O ò kúkú bi mí rí."

Nígbà yẹn, Daddy wà lórí àìsàn ní ọsibítù nítòsí Woolwich Common. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè mí títí, mi ò lọ, nítorí ọ̀rọ̀ Auntie Kúdí. Mo wọ bọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Kí n tó débẹ̀, àìsàn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn.

"Daddy, èmi ni o. Ẹ sọ tẹnu yín fún mi."

Wọ́n kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo àlejò.

Wọ́n kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Auntie Kúdí ṣì ń sọ ìtàn Daddy bó ṣe wù wọ́n. Èmi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín, mi ò sì lè gbọ́ ọ mọ́.