Òdo Tí Wọ́n Fún Mi Nítorí Bàtà Gogoro

Wọ́n fún mi ní òdo nítorí pé mo bọ́ bàtà.

Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún tí kò rẹ́rìn-ín kí n tó parí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé orin mi kò dùn. Kì í ṣe pé mo ṣubú. Adájọ́ mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú páálí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí dání, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì gbé òdo sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n ti fi ṣe ìdánrawò.

Rippleside, ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ́nù, ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé, ní òpópónà kan tó já sí Ripple Road. Lọ́dọọdún, nínú oṣù Karùn-ún, àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù a máa kó olórin wọn jọ láti díje lórí tẹlifíṣàn. Ẹgbẹ́ àwọn ará òpópónà wa náà a máa ṣe tiwọn ní gbọ̀ngàn àdúgbò, ní ọ̀sán Sátidé ìdíje náà, kí ti tẹlifíṣàn tó bẹ̀rẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan á mú bébà kan nínú abọ́, orílẹ̀-èdè tó bá sì jáde ni wọ́n máa kọrin fún. Máàkì tó ga jù ni méjìlá, gẹ́gẹ́ bíi ti tẹlifíṣàn.

Lọ́dún yìí, Alága ẹgbẹ́ wa fi òfin kan kún un. Ó ní kò sí ọdún tí ọkùnrin kan kì í fi bàtà gogoro gun orí pèpéle ìdíje yẹn, nítorí náà, àwa ọkùnrin òpópónà náà gbọ́dọ̀ kọrin nínú bàtà gogoro. Gìgísẹ̀ bàtà kò gbọdọ̀ dín ní íǹṣì mẹ́ta. Orin kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí fóònù. Mo ṣì ní i lọ́wọ́.

Ẹ má rò pé òfin yìí bí mi nínú. Inú mi dùn sí i. Lọ́dún tó kọjá tí èmi àti ìyàwó mi jọ ń wo ìdíje náà, ọkùnrin kan jáde, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, ó wọ bàtà pupa tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bírò. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo kà á. Ó ń kọrin, iná ń jó lápá ọ̀tún, èéfín ń rú lápá òsì, kò sì wo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan nínú ìjọ wa máa ń sọ pé ayé ti bàjẹ́ tí wọ́n bá rí irú ẹ̀. Èmi ò rí ayé tó bàjẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin tó mọṣẹ́ ni mo rí.

"Iṣẹ́ rèé," ni mo wí.

Ìyàwó mi ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń di ògiri mú tí ẹ bá ń wọ ṣòkòtò," ló fi dá mi lóhùn.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ bàtà ìyàwó mi, torí òun gan-an ni ẹjọ́ yìí dá lé. Ẹsẹ̀ èmi àti ìyàwó mi dọ́gba. Nọ́ńbà mẹ́jọ ni tèmi, nọ́ńbà mẹ́jọ ni tiẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sọ pé ẹsẹ̀ ọmọge ni mo gbé wá fẹ́ àbúrò àwọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n tèmi sì ń fèsì pé ẹsẹ̀ ológun ni ìyàwó gbé wọlé. Nígbà tó pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ó ra bàtà aláwọ̀ wúrà kan, gìgísẹ̀ íǹṣì mẹ́rin ó lé díẹ̀. Kó tó wọ̀ ọ́ jáde ni orúnkún rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, dókítà sì ní bàtà pẹlẹbẹ ni títí ayé. Bàtà wúrà wọ inú páálí, páálí gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì di ọdún mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí òfin Alága dé, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n gbé páálí náà sọ̀ kalẹ̀. Ó yọ bàtà jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

"Ẹ wọ̀ ọ́."

"Tí mo bá bà á jẹ́ ńkọ́?"

"Kó bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ èèyàn sàn ju kó bàjẹ́ nínú páálí lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́, Dádì. Kí n jókòó sí gbọ̀ngàn yẹn láàárín èrò, kí n gbọ́ ìró bàtà mi lórí pákó. Bí ẹ gba ipò kìíní, bí ẹ ò gbà á, ìyẹn ò kàn mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi kọ́ ọ. Kọ́rídọ̀ wa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Mo mọ̀, torí ìwọ̀n ilẹ̀ ni mo kà ní yunifásítì, téèpù kì í sì í kúrò lápò mi. Ìyàwó mi á gbé àga sí ìparí kọ́rídọ̀, á mú ọmọrógùn dání, á máa fi pàṣẹ.

"Gìgísẹ̀ ni kó kọ́kọ́ balẹ̀, kí ọmọ ìka tẹ̀lé e. Ẹ fa ikùn sẹ́yìn. Ikùn ni mo wí, mi ò sọ ìdí. Kí lẹ̀ ń wò nílẹ̀? Ilẹ̀ ò ní sá lọ."

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mò ń rìn bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mò ń wọ̀ ọ́ fọ àwo. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo gbàgbé pé ó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sì ti bíìnì ìdọ̀tí jáde síta láàárọ̀ ọjọ́ tí àwọn akólẹ̀ máa ń wá. Àbúrò kan tó ń wa bọ́ọ̀sì, tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa, ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ó dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó tún wò mí láti ẹsẹ̀ padà dé orí.

"Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀yin lẹ ga sí i ni, àbí òpópónà ló rì?"

"Lọ wa bọ́ọ̀sì ẹ."

"Mò ń lọ, sà. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá kí n máa pè yín ní Ẹ̀gbọ́n lọ ni, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í pè yín ní Àńtí."

"Máa pè mí ní ẹni tó máa nà ọ́ ní Sátidé."

Òun náà wà nínú ìdíje. Ítálì ló bọ́ sí i lọ́wọ́, Íslándì ló bọ́ sí wa lọ́wọ́. Mo kọ orin kan fúnra mi nípa òtútù ibẹ̀. Ègbè rẹ̀ lọ báyìí: "Yìnyín dé, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi, irùngbọ̀n mi ti di ìfófòó ọṣẹ." Ìyàwó mi ní kò nítumọ̀. Mo ní kó lọ fetí sí ti àwọn tó ń gba ipò kìíní lórí tẹlifíṣàn.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún. Àwọn kan wá láti àdúgbò Eastbury. Ìdílé kan tiẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì méjì láti Marks Gate. Ìyàwó mi jókòó sí ìlà kìíní, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ sáàárín orúnkún, ó ti fetí sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rìn.

Awabọ́ọ̀sì ló ṣáájú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo bàtà rẹ̀: àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn bíi búrẹ́dì, iwájú íǹṣì méjì, ẹ̀yìn íǹṣì mẹ́ta géérégé. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Íǹṣì kan péré ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè fi gbá bọ́ọ̀lù. Bó ti ń rìn lórí pèpéle, bí ẹni ń gún iyán ló ń dún. Wọ́n fún un ní méjìlá.

Kí wọ́n tó pè mí ni Alága sọ pé Íslándì gbọ́dọ̀ ní yìnyín. Ó ní kí wọ́n tẹ́ aṣọ funfun láti ìdí àtẹ̀gùn dé ẹ̀yìn pèpéle. Ó to àbẹ́là sí etí rẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ kan tó ń tú èéfín. Ọmọ ìjọ ìgbàlódé ni Alága, láti gúúsù Lọ́ńdọ́nù ló ti kó wá, tọkùnrin tobìnrin wọn ló sì ń wọ bàtà jó níwájú pẹpẹ. Mi ò sọ pé ó fi ìkà ṣe é. Mo sọ pé òun ló ṣe é.

Wọ́n pe Íslándì. Mo dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ sí ọ̀nà àárín, bàtà mi ò ró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn mi gún, gbogbo èrò ń hó. Ìyàwó mi yíjú padà, ó rí bàtà rẹ̀ tó ń dán bọ̀, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì fún mi.

Ẹ wá fara balẹ̀ ka èyí. Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí, ìjọ aláṣọ funfun. A kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Láti kékeré, tí mo bá ti rí aṣọ funfun nílẹ̀, tí àbẹ́là ń jó, tí èéfín tùràrí ń rọra gòkè, ẹsẹ̀ mi kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ orí mi. Mo dé ìdí àtẹ̀gùn. Mo rí aṣọ funfun. Mo rí àbẹ́là, méje. Mo rí èéfín. Mo bọ́ bàtà.

Mi ò mọ̀ pé mo bọ́ ọ. Mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo kọ ẹnu wọn síta, bí a ti ń ṣe. Mo gòkè, mo kúnlẹ̀, mo fi iwájú orí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èrò rò pé ara ijó ni, wọ́n pàtẹ́wọ́, ẹnì kan súfèé. Orí mi wú. Mo dìde, mo kọrin. Ẹ lè béèrè pé báwo ni ọkùnrin ṣe máa fi íǹṣì mẹ́rin kúrú láìmọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ mi pé kí n má wo ilẹ̀. Gìgísẹ̀ mi ò tiẹ̀ kan ilẹ̀: orí ọmọ ìka ni mo ń rìn, bí ẹni pé bàtà ṣì wà níbẹ̀. Ta ló lè ṣe ìyẹn nínú wọn?

Nínú ègbè kejì, ibi kan wà tí a ti fi dánra wò dáadáa: màá yí po, màá fi gìgísẹ̀ tẹ pákó, kò, kò. Mo yí po. Mo tẹ̀ ẹ́. Pẹ́, pẹ́.

Mo wo ilẹ̀. Ọmọ ìka mẹ́wàá ni mo rí. Mo wo ẹ̀yìn: bàtà wúrà jókòó jẹ́ẹ́ sísàlẹ̀ bíi tọkọtaya tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Mo wo ìlà kìíní: ìyàwó mi ti dorí kodò sórí ọ̀pá, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ìgbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín ló fẹ́ pa á. Bí gbogbo gbọ̀ngàn ti bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Ẹ̀rín gbé èmi náà. Ohùn mi ń lọ sókè, ń lọ sódò, mi ò lè pe yìnyín pé mọ́. Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ láti lọ wọ bàtà. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́ nígbà tí Alága lu aago pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ti pé.

Òdo mẹ́ta gòkè, mo sì lọ bá Alága nídìí tábìlì.

"Àńtí Alága, ta ló tẹ́ aṣọ funfun?"

"Bùrọ̀dá, aṣọ tábìlì ni."

"Àbẹ́là ńkọ́?"

"Bátìrì ló ń tàn án."

"Èéfín ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ẹsẹ̀ mi ò mọ bátìrì."

Awabọ́ọ̀sì wà lẹ́yìn mi, ó ń nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n, ó kù díẹ̀ kí n dìde wá gba àdúrà. Ẹ ò bá kúkú ní kí wọ́n gbé igbá ọrẹ."

Bí a ti ń rìn lọ sílé, ìyàwó mi ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró ní gbogbo òpó iná. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rín irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, ó ṣíwọ́ ẹ̀rín.

"Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ," ó ní.

"Kí ni?"

"Bàtà mi."

Ibi tí èmi náà ti ṣíwọ́ ẹ̀rín nìyẹn. Mo ní kí n rìn fún un ní kọ́rídọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ti gbọ́ ti kọ́rídọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kọ́rídọ̀ ò ní èrò. Mo ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì. Ojú yẹ́lò kékeré orí fóònù tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀ ni wọ́n fi fèsì, lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Mo wá ń béèrè níhìn-ín, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á. Alága, kí ló dé tí ẹ fi yí pèpéle padà fún èmi nìkan, láìsọ fún mi ṣáájú? Ẹ̀yin adájọ́, kí lẹ fi wọn bàtà Ítálì? Ẹ má sọ pé ojú, torí ojú kì í ṣe téèpù. Òfin sọ pé kí n wá pẹ̀lú bàtà, mo sì wá pẹ̀lú rẹ̀. Gbólóhùn wo nínú òfin yín ló ní òdo ni ti ẹni tí ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀? Mi ò ní kí ẹ gba ipò kìíní lọ́wọ́ àbúrò mi, kó máa jẹ ẹ́ lọ. Ọjọ́ àti aago ni mo fẹ́. Lọ́jọ́ wo, ní aago mélòó, lẹ máa ká aṣọ yẹn kúrò, kí ẹ pe àwọn èèyàn padà sórí àga, kí obìnrin kan lè gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí pákó? Ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn wà. Mo ń retí èsì, lórí ìwé, kí Alága buwọ́ lù ú.