Mọ́tò Tó Ga Ju Ẹsẹ̀ Ọkọ Mi Lọ

Àbúrò ọkọ mi, èyí tó tẹ̀ lé e lọ́mọ ìyá, ló kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí nílùú Ẹdẹ. Àwọn mìíràn ṣẹ̀ mí lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló la ọ̀nà fún wọn. Ọdún mẹ́fà ni mo fi jù ú lọ. Síbẹ̀, nítorí pé wọ́n ti bí i kí n tó wọ agbo ilé wọn, ọkọ ló jẹ́ sí mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti da omi sí mi lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "ọkọ mi" ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. "Ìyàwó" lòun náà ń pè mí, títí dòní tí irun orí mi ti funfun tán. Lójú ayé, mi ò lè sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Nínú ìwé yìí, bí mo ṣe ń pè é nínú ọkàn mi ni màá pè é.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa kò ju mọ́tò lọ. Àlòkù mọ́tò.

Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú. Ó ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ kan ni búùtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì dá a lóhùn mọ́. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn ní Òṣogbo. Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, obìnrin tó ń bá a na apá àti ẹsẹ̀ pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó kéré tó ẹni tí mo lè kọ́ níwèé.

Ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí bàbá jókòó sílé o. Ẹ máa gbé wọn wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè ṣe é fóṣù mẹ́fà, wọ́n á fi ọ̀pá rìn. Tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ yẹn á gan, kò sì sóhun tá a lè ṣe sí i mọ́."

Mo gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tó bá sọ fún mi pé bí mo bá ṣe báyìí, báyìí ni yóò já sí, mo mọ ohun tí mo lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe.

Tasín la kọ́kọ́ ń wọ̀. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n ń kó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ọkọ mi kò sì ṣe é ká. Awakọ̀ kan wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ kan, ó ní, "Màmá, ẹ san owó ẹni méjì o. Ẹsẹ̀ bàbá yìí ti jókòó sáyè èrò kan." Ọkọ mi fi ìdajì ẹnu tó kù fún un rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ó ní egungun ìbàdí ń dun òun, òun ò lè lọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe pàdánù ọ̀sẹ̀ kan. Mo rí i pé bí a kò bá ní mọ́tò tiwa, oṣù mẹ́fà yẹn kò ní pé.

Owó ìfẹ̀yìntì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni, àwọn ọmọ wa méjèèjì sì fi díẹ̀ kún un. Kò lè ra tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí omi dé. Èyí tí wọ́n ti lò nílẹ̀ yìí, tí ó ti jẹ gbogbo kòtò wa tán, ni agbára wa ká. Mo mọ̀ pé nínú irú ìyẹn, ẹni tó bá fi ojú rà yóò fi ojú sunkún. Nítorí náà, mo mú téèpù aránṣọ, mo wọn bẹ́ẹ̀dì wa, mo wọn àga pálọ̀. Ibi tí ọkọ mi lè jókòó lé kó sì tún dìde fúnra rẹ̀ kò ju ínǹṣì mọ́kànlélógún lọ sókè ilẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi ni màá wà á. Mo ti mọ mọ́tò wà láti ìgbà èwe mi.

Oṣù kan gbáko ni mo fi wá a. Olùkọ́ kan ní yunifásítì àwọn onígbàgbọ́ tó wà nílùú wa ló ní èyí tí mo rí. Wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn ló ṣe ń tà á. Mọ́tò pẹlẹbẹ ni, àwọ̀ eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, ó lè gba àga onítáyà láìká ìjókòó. Ilẹ̀kùn iwájú kan dúdú, nítorí wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, wọn kò sì kùn ún. Mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má tan án kí n tó dé, torí ẹńjìnnì tó ti gbóná máa ń fi àrùn rẹ̀ pamọ́. Mo gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tutù bí ìkòkò omi. Ó tan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo na áńkáṣíìfù funfun sẹ́nu sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, kò dúdú. Mo wọn ìjókòó iwájú: ínǹṣì mọ́kànlélógún.

Olùkọ́ náà ní, "Mà, ẹ̀rù yín bà mí ju ti ọlọ́pàá lọ."

Mo délé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, títí kan ilẹ̀kùn dúdú. Inú mi dùn débi pé mo ń pe ara mi ní dírẹ́bà rẹ̀. Ó mi orí bí ẹni tó gbà.

Àṣìṣe mi ni ohun tó tẹ̀ lé e. Obìnrin kì í dédé gbé mọ́tò wọ agbo ilé ọkọ láìjẹ́ pé ọkùnrin ilé ti fojú kàn án. Tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó ti gba ilé lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Ǹ bá ti gbé e wọlé lọ́sàn-án gangan kí n tó wá máa kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ́ ìyàwó rere. Mo ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ mi.

Ó dé lọ́jọ́ kẹta pẹ̀lú agbádá, mo sì mú un lọ sílé olùkọ́ náà. Ó yí mọ́tò náà po, ó fi ẹsẹ̀ gbá táyà.

"Ìyàwó, kí lèyí?"

"Mọ́tò ni, ọkọ mi."

"Mo rí i pé kì í ṣe ewúrẹ́. Ta ló máa gùn ún?"

"Ẹ̀gbọ́n yín ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n tèmi? Ẹni tí wọ́n máa fi jẹ Mọgàjí lẹ́yìn Iléyá? Kó máa yọ jáde nínú èyí bí òkété tó ń yọ nínú ihò? Àwọn ará ilé kejì á ní ó tán nílé wa. Ìyàwó, ìwé tó o kà pọ̀, àmọ́ wọn ò kọ́ ẹ níyì níbẹ̀."

Ó ti rí òmíràn, ó ní. Lọ́nà Sekona. Iye kan náà.

A lọ. Jíìpù dúdú ni, ó ń dán, ó dúró gẹlẹtẹ lẹ́bàá títì bí ilé alájà. Mọ́tò tó tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí iye rẹ̀ fi bá ti àlòkù pẹlẹbẹ dọ́gba? Èmi nìkan ni ìbéèrè yẹn ń yọ lẹ́nu. Wọ́n ti tan án sílẹ̀ kí a tó dé, ẹńjìnnì ti gbóná. Àbúrò ọkọ mi mú mẹkáníìkì kan dání, ọ̀rẹ́ ẹni tó ń tà á ni, mo rí bí wọ́n ṣe kí ara wọn. Mo bi í pé kí ló fa èéfín tó ń jáde lẹ́yìn.

"Ìmí ni, Màmá," ó dáhùn. "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ kì í mí ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo mú téèpù mi jáde, mo wọn ìjókòó.

"Màmá, ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún un?" mẹkáníìkì náà tún bi mí.

Ínǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Mo pe àbúrò ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín kò lè gun èyí."

"A ó gbé wọn. Àbí apá rọ gbogbo wa ni?"

Lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa, òun àti àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́ta. Mo ka ohun tí mo wọ̀n fún wọn. Mo sọ ti ẹńjìnnì tó gbóná, mo sọ ti èéfín. Wọ́n gbọ́ mi bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù. Mo wá yíjú sí ọkọ mi. Ohùn rẹ̀ ti ń padà bọ̀ nígbà náà. Mo mọ̀ pé bí ó bá sọ gbólóhùn kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ parí. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ohun tí àbúrò mi bá rí," ó ní, "kí ẹ ṣe é."

Mo ka ìyẹn sí àìsàn. Ó ti rẹ̀ ẹ́, mo sọ fún ara mi, kò ní agbára àríyànjiyàn. Mo gbé owó kalẹ̀. Wọ́n ra jíìpù, wọ́n kọ orúkọ àbúrò ọkọ mi sínú ìwé rẹ̀ nítorí pé òun ló bá wọn ná an, wọ́n sì ní kí n wá fọ mọ́tò. Èmi náà ni mo ra ẹran àti mínírà tí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Wọ́n ṣe àdúà gígùn sí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a máa lọ sí Òṣogbo, mo rí ọkùnrin mẹ́ta nínú gbogbo apá tí wọ́n ṣèlérí. Ọ̀kan gbé e lábíyá, ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan ti ìdí rẹ̀ látẹ̀yìn. Ṣòkòtò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi nídìí kànga dáwọ́ dúró, wọ́n ń ṣe àánú. "Ẹ rọra o! Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá! Ọlọ́run á mójú tó yín!" Títí a fi dé Òṣogbo, ó ń fi ọwọ́ òsì fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Nígbà tí a padà délé, wọ́n tún gbé e sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin náà tún kí i.

Mo ní kí káfíńtà kan àpótí alátẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ òsì gun ún, èyí ọ̀tún kò tẹ̀ lé e, ó sì fi àgbọ̀n gbá ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo wọ aṣọ fún un tán, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Mi ò lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń wò mí."

Mo sáré lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó ní mọ́tò pẹlẹbẹ. Ó ti tà á. Mo lọ bá àbúrò ọkọ mi, mo kúnlẹ̀, mo ní kí a ta jíìpù, kí a wá irú èyí tó kéré. Ó ní, "Kí a ta mọ́tò Mọgàjí kó tó joyè? Ìyàwó, ẹ̀yìn ìyẹn, kí ló kù tó o fẹ́ tà? Àwa ni?" Mo so okùn mọ́ irin fèrèsé, mo ní kí ọkọ mi máa fà á bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ó máa ń fà á lẹ́ẹ̀mejì, á yíjú sí ògiri. Obìnrin Òṣogbo wá sílé wa nígbà méjì. Nígbà kejì, ó tẹ orúnkún rẹ̀ wò, kò sì pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́.

Ẹsẹ̀ náà gan. Orí àga ni wọ́n ti fi í joyè. Jíìpù dúró níta, wọ́n ń fun fèrè rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló ń wà á lọ Jímọ̀, lọ síbi ìgbéyàwó, títí ẹńjìnnì fi kú lọ́nà oko kan, tí wọ́n sì já a sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọkọ mi kú nígbà òjò ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ọgbẹ́ tí ìdùbúlẹ̀ dá sí i lára. Èmi ni mo ń wẹ ọgbẹ́ náà.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kórìíra àbúrò rẹ̀ lórí eékún mi. "Ẹ kú àárọ̀, ọkọ mi." "Ẹ kú àbọ̀, ọkọ mi." Kò mọ̀ pé bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ni mo ń ka ínǹṣì mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Lóṣù tó kọjá, ó ránṣẹ́ pè mí. Òun ni Mọgàjí báyìí. Ojú rẹ̀ ti fọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń mú un lọ sílé ìtọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí n dárí ji òun kí òun tó lọ, nítorí pé ìkíni mi kì í dùn sétí òun mọ́ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Mi ò kúnlẹ̀. Mo sọ ohun gbogbo fún un: mọ́tò pẹlẹbẹ, èéfín, ṣòkòtò tó sọ̀ kalẹ̀, kànga, orúnkún tó gan. Mo sọ fún un pé òun ló pa ọkọ mi. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní kí ìyàwó rẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá.

Mi ò tíì mọ̀ bóyá kí n gba ohun tó sọ gbọ́. Ẹni tó lè jẹ́rìí sí i ti wà nínú ilẹ̀, ẹni tó sì ń bẹ̀bẹ̀ kì í ṣe aláìlèparọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò tíì lè lọ síbi sàárè ọkọ mi, bẹ́ẹ̀ ni mi ò sì lè kórìíra ẹni tó ṣẹ́ kù bí mo ṣe ń kórìíra rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní:

"Ìyàwó, èmi náà mọ̀ pé ó ga. Ẹ̀gbọ́n mi ló ránṣẹ́ pè mí kí n tó wá wo tìrẹ. Ó ní, 'Má jẹ́ kí ìyàwó mi gbé mi kiri ìlú nínú mọ́tò onílẹ̀kùn dúdú yẹn. Ó sàn kí ẹ máa gbé mi.' Ó ní kí n jẹ́ kó dà bíi pé èmi ni, torí pé ìwọ lò ń wẹ òun, ìwọ lò ń fún òun lóúnjẹ, òun ò fẹ́ kó o bínú sí òun. Mo sì gbà fún un."