Àwọn Tí Mò Ń Kà Nípa Wọn

Mo rántí ìgbà tí kò sí ẹni tó lè bá mi jókòó kí n má dá ọ̀rọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà sílẹ̀. Mò ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní Chicago nígbà náà, mò ń dá gbé ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Uptown. Olùkọ́ wa kan kọ́ wa pé òmìnira ló sọ ilẹ̀ yìí di ọlọ́rọ̀, pé kí ìjọba tó dá sí ọ̀rọ̀ aláìní àti aláìsàn rárá, àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn àlejò tó wọ̀lú ti ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń gba dókítà fún ara wọn, wọ́n sì ń sìnkú ara wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo sọ ọ́ nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ, mo tilẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá ọmọ tuntun tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí kò ríbi sá sí.

Ìyá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ń gbé ní Hazel Crest, máa ń pè mí sí ìpàdé. Màá ní mò ń kàwé. Lọ́kàn mi, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe láàárín àwọn tó ń jiyàn lórí ẹni tó máa se ìrẹsì?

Nígbà òtútù ọdún kan, mo yọ̀ ṣubú lórí yìnyín nítòsí ibùdókọ̀, ẹsẹ̀ mi sì kán. Nígbà tí ọsibítù dá mi padà sílé, mi ò lè dá dé balùwẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń gbóòórùn ara mi, títí onílé fi ṣílẹ̀kùn fún àwọn àlejò. Nọ́ọ̀sì àgbà yẹn ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ tó ṣe tọ̀sán-tòru dé, àwọn obìnrin méjì tẹ̀lé e. Ó ti gbọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé ẹsẹ̀ mi kán.

"Ẹ má bínú, Mà, mi ò lè dọ̀bálẹ̀," ni mo wí.

"Ta ló ń béèrè ìdọ̀bálẹ̀? I just finished a double shift, jọ̀ọ́. Gbé apá ẹ sókè."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ mí nìyẹn, bí ẹni ń wẹ ọmọ ọwọ́. Ojú ń tì mí débi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn mi: bí àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ ṣe ń tọ́jú ara wọn láìsí ìjọba. Ó tẹ́tí sí mi, ó fún omi kúrò lára táwẹ́ẹ̀lì, ó ní:

"Ìtàn yẹn dáa o. Àwọn tó ò ń sọ yẹn, ṣé wọ́n máa ń lọ sí meeting?"

Àwọn obìnrin méjì tó ti wọ kíṣìnì lọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Àwọn tí mò ń kà nípa wọn nínú ìwé ló wà nídìí sítóòfù mi yẹn, wọ́n ń se ọbẹ̀ fún mi. Mo yíjú sógiri, omijé ń bọ́ lójú mi, nọ́ọ̀sì àgbà náà sì ń nu ẹ̀yìn mi lọ bí ẹni tí kò rí i.

Nígbà tí mo lè rìn, mo lọ sí ìpàdé, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n rán mi sí bàbá kan ní Park Forest tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dúbúlẹ̀. Bàbá ní òun gbọ́ pé mo mọ ìtàn Amẹ́ríkà dáadáa, kí n sọ díẹ̀ fún òun.

"Bàbá," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín gé èékánná."

Lónìí, èmi náà ti di olùkọ́ ìtàn. Mi ò sẹ́ ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni mo ṣì gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́ yẹn níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, màá rántí ọwọ́ tó ń nu ẹ̀yìn mi, ohùn mi á sì lọ sílẹ̀. Wọ́n máa ń rò pé ó ti rẹ̀ mí ni.