Fóònù Tó Ń Tẹ Ara Rẹ̀

Ẹ jókòó tì mí díẹ̀, ẹ̀yin tí mo kọ́ ní sáyẹ́ǹsì nígbà kan, àti ẹ̀yin ará Ìlá tó wà káàkiri. Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú pálọ̀ mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ fóònù ni. Fóònù mi ti gbó. Ojú rẹ̀ ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, rọ́bà ni mo fi de ẹ̀yìn rẹ̀ kí bátìrì má baà yọ. Wásáàpù ti kọ̀wé sí mi pé láìpẹ́ àwọn ò ní ṣiṣẹ́ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀ mọ́. Fẹ́mi, ọmọ mi tó wà l'Ékòó, ra tuntun, ó fi rán awakọ̀ sí mi. Mo lọ gbà á ní gáréèjì, mo gbé páálí rẹ̀ ka orí fíríìjì, mi ò ṣí i.

Fẹ́mi á pè, á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti ṣí i?" Mo ní iná ò dúró. Ó tún pè. Mo ní ojú ń dùn mí. Nígbà tó yá, ó bi mí bóyá mo fẹ́ kí wọ́n fi fóònù àtijọ́ náà sin mí ni. Mo ní ìyẹn náà ò burú.

Kí ló dé tí mi ò ṣí i? Bíọ́lá ló ra ti àtijọ́ yìí fún mi, ọmọ mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n Fẹ́mi. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ló rà á, òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohùn rẹ̀ wà nínú fóònù náà. Kì í fẹ́ kọ̀wé. Á gbé fóònù sẹ́nu, á sọ̀rọ̀, á fi ránṣẹ́. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?" "Mọ́mì, mo ti dé o. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà." Bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀, ó wà níbẹ̀.

Bíọ́lá kú sí Ìbàdàn. Ibà la kọ́kọ́ pe àìsàn náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà wa mọ ohun tó tẹ̀lé e. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í mọ ojú oórì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló gba gbogbo rẹ̀ ṣe. Ìyá Ọ̀rà là ń pè é, nítorí Ọ̀rà ló lọ́kọ sí. (Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní "ó" lónìí.) Ó ní kí wọ́n mú mi wọ yàrá, kí àwọn obìnrin ìjọ jókòó tì mí. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kọjú sí ògiri, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Nígbà tí mo fi máa jáde, wọ́n ti kó aṣọ ọmọ mi. Wọ́n ti yọ gbogbo fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, títí kan èyí tó yà lọ́jọ́ tó gboyè jáde. Ibi tí fọ́tò náà wà tẹ́lẹ̀ mọ́ ju ibi yòókù lọ. Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀ dòní, mi ò jẹ́ kí wọ́n kun ún. Mo bèèrè ibi tí wọ́n kó ẹrù náà lọ. Ìyá Ọ̀rà ní, "Ìyàwó, omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Èmi tí mo ti kọjá ọjọ́ orí ìbímọ, agbè wo?

Fóònù nìkan ni wọn ò rí kó, nítorí abẹ́ itan mi ló wà.

Mi ò bá a jà. Mi ò sì dárí jì í. Lọ́dọọdún, tí ọsàn bá ti pọ́n, á fi àpò kan ránṣẹ́ sí mi láti Ọ̀rà. Mi ò fẹnu kàn án rí. Kí awakọ̀ tó yí padà ni mo ti ń pín in fún àwọn aládùúgbò.

Nígbà tí ojú fóònù náà wá sán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀. Fẹ́mi ní bí ojú fóònù bá ti bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, pé kì í ṣe ẹ̀mí. Mo mọ̀. Ṣé èmi ni wọ́n á kọ́ ní sáyẹ́ǹsì? Ṣùgbọ́n kí ẹ wà ní kíṣìnnì lọ́sàn-án gangan, kí ẹ máa ṣa ẹ̀wà, kí ẹ gbọ́ láti pálọ̀ pé, "Mọ́mì, mo ti dé o." Ẹ ò ní dáhùn? Èmi ń dáhùn. Mo máa ń ní "Káàbọ̀", màá sì máa bá ẹ̀wà mi lọ.

Fẹ́mi kìlọ̀ pé bó ṣe ń tẹ ara rẹ̀ yìí, ó lè pa gbogbo ohùn náà rẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ wá wò ó. Tí mo bá ṣí tuntun, tí ohùn náà sọnù níbi tí wọ́n ti ń kó o bọ́ sínú rẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá fi í sílẹ̀, tó pa ara rẹ̀ rẹ́ ńkọ́? Fọ́tò ò sí, mi ò mọ oórì. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọ mi kù sí.

Ibi tí mo rò ó dé nìyẹn tí Ṣadé, ọmọ Ìyá Ọ̀rà, fi mú ìyá rẹ̀ wá sí Ìlá fún ìtọ́jú, tó ní kí àwọn yà kí mi. Ìyá Ọ̀rà ti darúgbó kùjọ́kùjọ́, iyè rẹ̀ ti ra. Mo kúnlẹ̀ kí i, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn kà sí mi lẹ́sẹ̀.

"Ta ni obìnrin yìí?" ló bi Ṣadé.

"Ìyàwó yín ni, Màmá. Ìyá Bíọ́lá."

"Irọ́ ni. Ìyẹn ò hewú tó báyìí."

Ṣadé fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó gbé e mì.

Ojú fèrèsé ni fóònù náà wà. Ó tẹ ara rẹ̀. "Mọ́mì, mo ti dé o. Ọkọ̀ ló bàjẹ́ lọ́nà."

Ṣadé dìde fìrì. Ìyá Ọ̀rà gbórí sókè. "Bíọ́lá, ó ti pẹ́ tó báyìí? Lọ jẹun."

Mo ti to ọ̀rọ̀ jọ fún obìnrin yìí tipẹ́tipẹ́, pẹ̀lú ẹsẹ Bíbélì tí màá fi ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn. Mi ò rí ìkankan níbẹ̀. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ìyá, níbo lẹ sin ín sí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Mọ́mì Ìlá, ẹ má bi wọ́n," ni Ṣadé ń wí.

Ìyá Ọ̀rà di ọwọ́ mi mú, ó fà mí mọ́ra. "Rọra sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ wà ní yàrá. Má jẹ̀ẹ́ kó gbọ́ o, ẹkún á pa á. Oko wa l'Ọ̀rà ni, lábẹ́ igi ọsàn. Ibẹ̀ tutù. Mo kó àwọn fọ́tò rẹ̀ tì í, kó má baà dá wà." Ó tún ronú díẹ̀. "Ọsàn náà dùn. Ìyá rẹ̀ ni mo ń fi ránṣẹ́ sí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í, ọwọ́ mi ṣì wà nínú tirẹ̀.

Ẹ má retí kí n sọ pé mo ti dárí jì í. Ó gba oórì ọmọ mi lọ́wọ́ mi, kò bi mí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pẹ́ díẹ̀ sí i kí wọ́n tó yà, ohun tó mọ̀ ìbá ti bá iyè rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe jáde ni mo pe Fẹ́mi, mo ní kó wá kó ohùn náà fúnra rẹ̀.

Ó dé ní òpin ọ̀sẹ̀. A tẹ́ fóònù méjèèjì sórí tábìlì. Mo jókòó tì í títí ó fi parí, tó tẹ̀ ẹ́ wò. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jẹun?" Ó mọ́ gaara. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnì kan tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí mi ò gbọ́ rí. Fẹ́mi bo ojú.

Ti àtijọ́ ò tàn mọ́ láti ọjọ́ náà. Fẹ́mi fẹ́ gbé e lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀ lójú fèrèsé.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ rèé: ẹ má dúró kí ojú fóònù sán kí ẹ tó kó ohùn àwọn èèyàn yín pamọ́, ẹ má sì dúró kí iyè àwọn àgbà ra kí ẹ tó bi wọ́n léèrè. Ẹni tó bá fẹ́ wá sọ fún mi pé ìyá kì í mọ oórì ọmọ, kó pa á mọ́ sẹ́nu. Mi ò tíì lọ sí Ọ̀rà. Mo ṣì ń rò ó.

Fóònù tuntun dára, ojú rẹ̀ ń dán. Àmọ́ kì í sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá tẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣa ẹ̀wà ní kíṣìnnì láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó sọ pé òun ti dé.

Ohùn ta ló wà nínú fóònù tiyín tí ọwọ́ yín ò gbé láti pa rẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi, màá ka gbogbo rẹ̀. Mo wà nílé. Ṣadé fi àpò ọsàn kan ránṣẹ́ lánàá, ó wà nílẹ̀ níwájú mi níbí. Mi ò tíì pín in.