Àmì Pupa tí Ó Ṣáájú Ẹni tí Ó Ni Ín Dé

Yàrá tí Bàbá Kẹ̀kẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè na apá sí lọ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ àkọ̀. Tábìlì kọ̀ǹpútà kọjú sí i, débi pé nígbàkígbà tí ó bá gbójú kúrò lórí iṣẹ́, táyà iwájú ni yóò kọ́kọ́ rí. Ní òwúrọ̀, oòrùn a máa gba àárín àwọn irin wẹ́ẹ́rẹ́ inú táyà náà kọjá, òjìji wọn a sì tò sára ògiri bí ìlà inú ìwé. Òun a jókòó, a máa wo bí wọ́n ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ti ń mọ́, títí tíì rẹ̀ yóò fi tutù.

Àdúgbò ni ó sọ ọ́ ní Bàbá Kẹ̀kẹ́, bí kò tilẹ̀ tíì bímọ rí. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni. Ojú-òpó ayélujára ni ó ń yà fún ẹni tí ó bá gbé iṣẹ́ wá: oníbúrẹ́dì tí ó wà ní ìkòríta, oníṣègùn eyín, obìnrin kan tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní dùùrù. Kò ní ọ̀gá, kò ní ọmọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ọ̀gá tí ó le tó ara ẹni. Bí ó bá dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó di orí kẹ̀kẹ́. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó tún di ìdí kọ̀ǹpútà, akoto ṣì wà lórí rẹ̀, òógùn ń kán sílẹ̀ tó, tó, tó, nítorí pé ojú ọ̀nà ni ó ti máa ń rí ohun tí ó ń wá. Àwọ̀ tí ó fi kun ojú-òpó oníbúrẹ́dì, inú ìkùukùu kan ni ó ti bá a pàdé, ní etí adágún, ní àkókò tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ìkùukùu náà jẹ létí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, aránṣọ, ni ó ń gbé yàrá iwájú pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Òun ni ó fi abẹ́rẹ́ àti òwú tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn.

“Ẹni mẹ́ta ni ẹ́ nínú ara kan ṣoṣo,” ni ó máa ń wí. “Ọ̀kan ń sáré, ọ̀kan ń ṣàánú, ọ̀kan ń tẹ kọ̀ǹpútà. Èwo nínú wọn ni kí n bu oúnjẹ fún?”

“Ẹ bu fún èyí tó ń sáré, ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn méjì tó kù á jẹ níbẹ̀.”

“Kò burú. Èwo ló máa wá fọ abọ́?”

Eré tí ó ń sá ni eré kẹ̀kẹ́ ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tí kì í fi kẹ̀kẹ́ jẹun: olùkọ́, akọ̀wé, bíríkìlà. Kìlómítà òjìlérúgba ni, láti ẹnu géètì pápá ìṣeré, yí àwọn òkè ká, gba etí adágún, padà sí ẹnu géètì kan náà. Wọn a gbéra bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Ẹni tí ó bá dé kí oòrùn tó wọ̀ ni a kà sí ẹni tí ó parí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Kẹ̀kẹ́ ti gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni orúnkún òsì rẹ̀ sì ti ní ó tó gẹ́ẹ́.

Àánú náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àbúrò fi jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé wà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní níbẹ̀ tí ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti mí; bí ọmọ kan bá ń lò ó, òmíràn a máa dúró. Ìró ẹ̀rọ náà, fúùù, fúùù, ni ó ń gbọ́ nínú oorun rẹ̀ lórí àga. Nígbà tí wọ́n fi máa padà sílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọ́ ìró náà: bí ó bá ń gun òkè lórí kẹ̀kẹ́, ìró yẹn ni ó fi ń mí.

Nítorí náà ni ó ṣe lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù náà ní ọdún yìí. Ó ní òun yóò sá eré náà ní orúkọ àwọn ọmọ, òun yóò sì ya ojú-òpó kan tí àwọn ènìyàn yóò ti máa ṣèlérí owó ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀rọ méjì ni wọ́n ń wá. Oníbúrẹ́dì ni ó kọ́kọ́ ṣèlérí, ìlérí tirẹ̀ ni ó sì tóbi jù.

“Àmọ́ kẹ́ ẹ parí ẹ̀ kóòrùn tó wọ̀ o,” ni oníbúrẹ́dì wí, ìyẹ̀fun funfun lára irùngbọ̀n rẹ̀. “Ẹni tó bá dé lẹ́yìn oòrùn, àlejò ni, kì í ṣe asáré.”

Àwọn yòókù tẹ̀lé e, wọ́n sì so ìlérí tiwọn mọ́ àdéhùn kan náà. Bí Bàbá Kẹ̀kẹ́ bá dé kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀rọ méjì dájú. Bí kò bá dé, kò sí ẹni tí ó jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun.

Ojú-òpó tí ó yà náà rẹwà. Àwòrán ọ̀nà ni, tí àmì pupa kékeré kan, róbótó bí ẹyọ ìlẹ̀kẹ̀, yóò máa rìn lórí rẹ̀. Fóònù àpò rẹ̀ ni yóò máa sọ fún àmì náà ibi tí òun dé, kí àwọn ọmọ lè máa fi ojú bá a lọ lórí ibùsùn wọn. Kí ó lè dán an wò, ó fún àmì náà ní ìrìn kan tí fóònù ti kọ sílẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, nígbà tí ó lọ fi ara rẹ̀ kọ́ ọ̀nà náà. Ọjọ́ méjì ni ó fi rin ìrìn yẹn; oòrùn ti ga kí ó tó gbéra. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, nígbà tí ó ku kìlómítà méjìdínlógójì, orúnkún kọ̀, òjò dé, ó sì sùn mọ́jú lórí bẹ́ǹṣì kan níwájú ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń lẹ táyà. Nítorí ìdánwò, ó gé oorun náà kúrò, ó sì gán ọjọ́ méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń gán aṣọ tí ó ya. Ojú kò lè rí ojú-rírán náà.

Ohun tí ó kù kò ju kí ó yọ ìrìn àtijọ́ náà kúrò, kí ó sì so àmì pupa mọ́ fóònù. Ìrọ̀lẹ́ tí ó ṣáájú eré ni ó fẹ́ ṣe é. Ṣùgbọ́n oníṣègùn eyín pè pé àwòrán eyín kan dorí kodò lórí ojú-òpó òun, nọ́ọ̀sì àgbà pè láti béèrè àwọ̀ ẹ̀wù tí yóò wọ̀, táyà ẹ̀yìn sì ń jò. Ó ní, “Bílẹ̀ bá mọ́.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, táyà ni ó ń fún ní afẹ́fẹ́. Kò sí èyí tí ó ya ọ̀lẹ nínú ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olúkúlùkù wọn rò pé ẹnìkejì òun ti ṣe é.

Wọ́n gbéra. Ọ̀nà náà funfun fún ìkùukùu, àwọn asáré sì ń wọ inú rẹ̀ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọ inú omi. Lẹ́yìn wákàtí kan, kò rí ẹnikẹ́ni mọ́. Ìró ṣéènì nìkan ni ó ń gbọ́, àti èémí ara rẹ̀, fúùù, fúùù. Àwọn ilé kọjá lára rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣí ìwé: obìnrin kan ń sá aṣọ, ajá kan ń yán, àga kan dá wà níwájú ilẹ̀kùn tí a tì. Ní etí adágún, òjìji rẹ̀ wà lórí omi, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì jọ pé ó ń rẹ òjìji náà rárá.

Nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kù díẹ̀ kí ó lù, orúnkún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ó ku àádọ́ta kìlómítà. Ó dúró níbi ẹ̀rọ omi kan lẹ́bàá ọ̀nà láti bu omi sí orúnkún náà. Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì àgbà ni. Ariwo àwọn ọmọdé kún ẹ̀yìn ohùn rẹ̀.

“Bàbá Kẹ̀kẹ́! Ẹ kú oríire o!”

“Oríire kí ni, Ìyá wa?”

“Ẹ má fi wá ṣẹ̀fẹ̀ jàre! Báyìí làmì pupa kan ẹnu géètì, ni gbogbo wọ́ọ̀dù bá pàtẹ́wọ́. Oníbúrẹ́dì ti pè. Ó ní irin lẹ fi ṣe ẹsẹ̀!”

Ó yé Bàbá Kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí iná tàn nínú yàrá. Ẹlòmíràn ti dé. Ẹni náà ní ojú rẹ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti sùn lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún rẹ̀ ti sinmi, ó sì ti gba àtẹ́wọ́.

Ní àkókò náà gan-an ni ọkọ̀ tí ń kó àwọn tí ó ti rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Awakọ̀ náà yọ orí síta.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ yẹn ti fẹjọ́ sùn tán. Ẹ wọlé, àyè wà létí fèrèsé.”

Ó wo ọkọ̀ náà. Àwọn alábòójútó eré ní ìwé tiwọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn tí ó ṣèlérí, kò sí ẹni tí yóò lọ wò ó. Àmì pupa ni wọ́n ń wò. Bí ó bá wọlé, tí ó sì dákẹ́, ẹ̀rọ méjì ti dé wọ́ọ̀dù nìyẹn. Nínú fóònù, ó ń gbọ́ ọmọ kan tí ń kígbe pé, “Ó ti dé! Ó ti dé!” ohùn rẹ̀ sì ń já láàárín nítorí èémí tí kò tó.

“Ìyá wa,” ni ó wí, “àmì yẹn kì í ṣe èmi.”

“Ta wá ni?”

“Èmi oṣù méjì sẹ́yìn ni. Ìrìn ọjọ́ méjì ni, mo kàn gé oorun àárín ẹ̀ kúrò láti fi dán ojú-òpó wò. Mo gbàgbé láti yọ ọ́. Ó ṣì ku àádọ́ta kìlómítà fún mi.”

Nọ́ọ̀sì àgbà rẹ ohùn sílẹ̀. “Ṣé ẹ lè dé kóòrùn tó wọ̀?”

“Mi ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe oníbúrẹ́dì àtàwọn tó kù. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.”

“Kí ni kí n wá sọ fáwọn ọmọ?”

“Ẹ ní ẹni tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ti dé, àmọ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórúkọ wọn ṣì ń bọ̀ lọ́nà.”

Awakọ̀ mi orí. “Ẹ ò bá kúkú dákẹ́. Ẹnu yín lẹ fi da omi sí gaàrí ara yín yìí.”

“Ẹ ṣeun, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ gbé ẹlòmíràn.”

Ó gun kẹ̀kẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni ó ń ṣiṣẹ́, ti òsì kàn ń tẹ̀lé e bí àbúrò. Lẹ́yìn kìlómítà méjìlá, ó rí ṣọ́ọ̀bù àwọn tí ń lẹ táyà, ó sì rí bẹ́ǹṣì náà níwájú rẹ̀, òfìfo, ìtànṣán ìrọ̀lẹ́ pupa fòò lórí rẹ̀. Kò tíì sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ kọjá ibẹ̀ láìsùn. Ó dà bí ẹni pé ó rí ara rẹ̀ tí ó ká jọ lórí pákó náà, àpò ní ìrọ̀rí. Ó rọra wa kẹ̀kẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ, ó sì kọjá. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ojú-rírán kankan mọ́. Gbogbo ọ̀nà tí ó kù, aṣọ tuntun ni.

Oòrùn fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ṣáájú rẹ̀ wọ̀.

Ọkùnrin tí ń wo aago ti ń ká okùn ìparí eré nígbà tí ó dé ẹnu géètì. “Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Òfin ni.”

“Mo mọ̀. Ẹ kú iṣẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àga tí a ń ká pọ̀, ọ̀pá ìtilẹ̀ láàárín orúnkún méjèèjì. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

“Nínú ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èwo ló dé?”

“Gbogbo wa ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Ó dáa. Abọ́ ń dúró dè yín.”

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí nọ́ọ̀sì àgbà pè ni ó ní àwọn yóò mú ìlérí àwọn ṣẹ bí oòrùn tilẹ̀ ti wọ̀. Oníbúrẹ́dì kọ̀, àwọn mẹ́rin mìíràn sì tẹ̀lé e. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a fi oòrùn dì, oòrùn ni yóò tú u. Bàbá Kẹ̀kẹ́ kò bá a jà. Àdéhùn ni àdéhùn, ojú-òpó oníbúrẹ́dì ni ó sì parí ní ọ̀sẹ̀ náà, kò yọ àwọ̀ ìkùukùu inú rẹ̀ kúrò. Dípò ẹ̀rọ méjì, ẹ̀rọ kan ni ó dé wọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ náà kò ní ariwo tó ti àtijọ́. Ọmọ méjì ti lè máa mí nígbà kan náà. Ẹni kẹta ni yóò máa dúró.

Ó fẹ́ pa àmì pupa náà rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kọ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ni. Nítorí náà ni ó ṣe jókòó ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, òjìji táyà lára ògiri, tí ó tú ojú-rírán tí ó rán, tí ó sì dá oorun náà padà sí ipò rẹ̀. Lójoojúmọ́ ni àmì náà ń gbéra láti ẹnu géètì, tí ó ń yí àwọn òkè ká, tí ó ń gba etí adágún. Bí ó bá dé ibi bẹ́ǹṣì, a dúró. Nọ́ọ̀sì àgbà sọ pé nígbà náà, àwọn ọmọ a máa fi ìka lé ètè, wọn a máa sọ fún ara wọn pé kí wọ́n rọra, ó ń sùn. Gbogbo wọ́ọ̀dù a sì pa rọ́rọ́, àyàfi ẹ̀rọ méjèèjì tí ń mí, fúùù, fúùù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.