Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ni Bàbá Fi Bẹ̀rẹ̀

Bí o bá rí Ìyá Onílù lọ́nà, kí i kíákíá kí o sì máa lọ, torí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Bàbá rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa sílẹ̀ láyé àtijọ́, àwọn tó ń fọn fèrè yan lójú pópó. Orúnkún òsì bàbá náà kì í ká dáadáa, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ kọ́ ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ yòókù, òsì ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Tiwa, ọ̀tún ni. Ìlù ńlá ló ń sọ ọ́: bó bá ti ró gbì, ẹsẹ̀ ọ̀tún gbọ́dọ̀ kanlẹ̀.

Nígbà tí bàbá kú, ọmọbìnrin rẹ̀ yìí gbé ìlù ńlá kọ́rùn, kò sì gbé e fún ẹlòmíràn mọ́. Yàrá rẹ̀ náà ló ti ń lọ aṣọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ, tí ó ń lọ̀ ọ́ tí ó ń bú wọn: “Ìwọ, ṣé eyín lo fi ń tú bọ́tìnnì ni?”

Ìgbà tí wọ́n wá fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣe ọ̀gá ẹgbẹ́ ni ogun dé. Ó wá bá a nílé lọ́sàn-án kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn adájọ́ ìdíje ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Òsì la ó máa fi bẹ̀rẹ̀ báyìí.”

Kò gbójú kúrò lára áyọ́ọ̀nù. “Ṣé adájọ́ ló bí ẹ ni?”

“Bàbá ò ṣe é lófin. Ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n.”

“Ẹ̀yìn mi yìí lo tọ̀ sí dàgbà, o wá ń kọ́ mi ní ìrìn! Jáde fún mi!”

Ilé bàbá ti wó, wọ́n ti ta ilẹ̀ rẹ̀. Ìrìn yẹn nìkan ló kù. Bí wọ́n bá yí i, bàbá kú lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ àyájọ́ ìdásílẹ̀ ẹgbẹ́, èrò kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àbúrò kígbe níwájú: “Òsì!” Ìyá Onílù lu ìlù gbì lẹ́yìn, òun náà kígbe: “Ọ̀tún!” Àwọn ti iwájú gbé òsì, àwọn ti ẹ̀yìn gbé ọ̀tún. Ọmọbìnrin kan láàárín fẹ́ pààrọ̀ ẹsẹ̀, ẹni ẹ̀yìn tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀, ó dojú bolẹ̀ tòun ti fèrè lẹ́nu. Ètè rẹ̀ là. Ẹ̀jẹ̀ ta sí aṣọ funfun.

Àbúrò sáré wá. “Inú yín ti dùn?”

“Ìwọ lo là á lẹ́nu, kì í ṣe èmi!”

“Ẹ sọ ìlù yẹn kalẹ̀.”

Ó wo àwọn ọmọ yíká. Kò sí ẹyọ kan tó wò ó lójú. Ó tú okùn, ó ju ìlù sílẹ̀ gbàmù. “Gbé e! Kó já ẹ lọ́rùn!”

Òsì ni wọ́n fi ń rìn báyìí. Lọ́jọ́ sí, wọ́n ń bọ̀ lójú pópó, aládùúgbò rẹ̀ ké sí i: “Ìyá Onílù, àwọn ọmọ yín ń kọjá o!”

“Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” ló fi dá a lóhùn. Ó ti fèrèsé gbàgà, ó sì yí rédíò sókè títí ilé fi ń gbọ̀n.