Ìlà Ìsàlẹ̀ Ìwé

Ẹ̀gbọ́n mi ò fẹ́ràn wàhálà. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó máa bú ìjọba lójú títì, ẹ kọjá ilé wa. Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi to lẹ́tà òjé nílé ìtẹ̀wé, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òdì ló sì ń kà á. Tí mo bá ń ṣàròyé, á ní, “Àbúrò, o ti to tìrẹ lódì nìyẹn.” Èmi ni mo ń ká ìwé níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ń jókòó sí, torí náà kí ẹnikẹ́ni má wá pìtàn fún mi.

Àwọn ológun ti ṣèlérí pé àwọn á gbé ìjọba fún ará ìlú. Ọdún kìíní, wọ́n sún ìdìbò síwájú. Ọdún kejì, wọ́n tún sún un. Nígbà kẹta, wọ́n ní a ò tíì gbọ́n tó láti dìbò. Ẹ gbọ́ o! Àwa tí a ti bímọ, tí a ti sin òkú! Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin bá ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn á wọ́de ní Ọjọ́bọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, akọ̀wé wọn wá bá ẹ̀gbọ́n mi pé kó bá àwọn tẹ ìwé tí àwọn máa pín. Ọ̀gá wa ò sí níbẹ̀, ó lọ gba oògùn, torí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà á láàmú. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi á kọ̀. Ó wo bébà náà títí, ó ní, “Òótọ́ kúkú ni.” Kí aago mẹ́rin tó lù, ẹgbẹ̀rún méjì ti jáde, èmi ni mo ká a.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, à ń lọ síbi iṣẹ́ la rí ọ̀kan nínú ìwé náà lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yéè! Orúkọ ilé ìtẹ̀wé wa àti àdírẹ́sì wa ló wà níbẹ̀ gbàgàdà. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ìwé tó bá jáde gbọ́dọ̀ ní ìlà yẹn. A kì í tò ó lọ́tun: a ti fi okùn so lẹ́tà rẹ̀ pọ̀ tipẹ́, ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń wà. Ọwọ́ ló gbé e síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò bá a lọ. Èmi náà ká ẹgbẹ̀rún méjì, n ò ka ẹyọ kan. Ṣé ojú wa fọ́ ni?

Kí a tó dé ibi iṣẹ́, àwọn sójà ti dé. Ọ̀gá wà láàárín wọn, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Wọ́n fi ìwé náà hàn án. Ó wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Iṣẹ́ mi ni.” Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ̀rọ̀, èmi ni mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Ẹ bú mi tí ẹ bá fẹ́. Àwa méjì péré ni ìyá wa bí.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n ti mú ọ̀gá lọ, ara ẹ̀gbọ́n mi ò gbà á mọ́. Ó gbé oògùn ọ̀gá lọ sí bárékè, ó ní, “Èmi ni mo ṣe é, ẹ dá ọ̀gá mi sílẹ̀.” Ọ̀gágun tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀gá ti fọwọ́ síwèé pé òun nìkan ló ṣe é, ẹjọ́ ti parí. Wọ́n tì í jáde, wọn ò gba oògùn náà. Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn èèyàn wọ́de lóòótọ́, wọ́n ń pe ọ̀gá ní akọni, sójà sì fi ìbọn tú wọn ká. Ọ̀sẹ̀ méjì ò pé tí ọ̀gá fi kú ní àtìmọ́lé.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè jẹun mọ́. Mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ ìyàwó ọ̀gá. Ó wólẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Obìnrin náà ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú àpótí, kò dúró.

“Mo mọ̀,” ló wí. “Ọkọ mi kàn ra ẹ̀rọ ni, kò mọ lẹ́tà tò.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dárí jì mí.”

“Òun ti dárí jì ọ́. Èmi kọ́.”

Ó pa àpótí dé, ó ní kí a fa ilẹ̀kùn pọ̀ tí a bá ń lọ.